Bráúsà Ti Gbà Á Tipẹ́, Àwa Ni A Ò Tíì Gbà

Ìjà ni mo gbé wá lónìí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi jà á.

Ní sáà tó kọjá, ẹgbẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ fẹ́ rìnrìn-àjò lọ wo Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó ṣe ìkéde náà kò ṣe ọ̀lẹ rárá. Gbogbo àmì ohùn ló fi sí i, kò sì gbàgbé àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ó kọ ọ́ pé: "Ọkọ̀ yóò gbéra ní aago 6 àárọ̀." Ó fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi JPEG, ó jù ú sórí WhatsApp. Ẹnì kan ya ojú fóònù tirẹ̀, ó fi èyí tó yà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn gé etí rẹ̀, ó tún tì í síwájú. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, àmì abẹ́ ti dàwátì, àmì ohùn sì ti dà bí ìdọ̀tí eṣinṣin. Ohun tí mo kà ni "Oko yoo gbera." Oko wo ló ń gbéra? Oko kì í kúrò níbi tí wọ́n dá a sí. Àwọn ará yàrá mi tún rí ìtumọ̀ kẹta nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò ní kọ ọ́ síbí nítorí àwọn àgbà tó wà níjokòó. A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín náà tán nígbà tí ilẹ̀ mọ́, torí 6 inú àwòrán yẹn ti di 8 lójú àwọn mẹ́ta nínú wa. Wọ́n ti san owó ọkọ̀, wọn ò rí ọkọ̀ wọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ ní kí a ṣe ìkànnì tiwa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo dá a lábàá pé kí lógò wa, máàpù, àtẹ ètò, àti gbogbo àwòrán tó bá ní ọ̀rọ̀ nínú jẹ́ SVG. Ẹnì kan láàrin wa, tó mọ kóòdù kọ jù mí lọ, mirí, ó ní: "Bráúsà kì í gbà á. Kì í ṣiṣẹ́ lórí gbogbo fóònù. Ẹ jẹ́ ká lo PNG." Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èmi ò tíì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tó sọ yẹn jẹ́ òótọ́ ní 2008. Lónìí, irọ́ ni. Mi ò ní ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Ó jogún rẹ̀ ni, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà jogún rẹ̀, irọ́ àjogúnbá sì máa ń le ju irọ́ àtọwọ́dá lọ, torí ẹni tó ń pa á kò mọ̀ pé òun ń parọ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń jà lé lórí fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ kọ̀ǹpútà. Àwòrán JPEG tàbí PNG dà bí adé onílẹ̀kẹ̀. Láti òkèèrè, ẹyẹ lo rí lórí adé. Tí o bá sún mọ́ ọn, ìlẹ̀kẹ̀ lo máa rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáìlì náà kò mọ̀ pé ẹyẹ wà níbẹ̀, àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan ló mọ̀. Tí o bá ní kó tóbi sí i, ìlẹ̀kẹ̀ ni yóò máa wú, ẹyẹ náà yóò sì máa fọ́. SVG, tí í ṣe àwòrán fẹ́kítọ̀, dà bí ìwọ̀n tí télọ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀. Kò sí aṣọ nínú ìwé yẹn, àṣẹ ló wà níbẹ̀: gé e báyìí, rán an báyìí. Bráúsà ni télọ̀. Ó ka àṣẹ náà, ó sì ya àwòrán náà lákọ̀tun lójú fóònù rẹ, ní ìwọ̀n tí ojú fóònù náà bá gbà. Àyíká aláwọ̀ ewé kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ju èyí lọ:

<circle cx="50" cy="50" r="40" fill="green"/>

Àmì tó wà nínú rẹ̀ kò pé 50. Gbé e sójú aago ọwọ́, yóò mọ́. Gbé e sórí pátákó ìpolówó tó wà lójú títì márosẹ̀, yóò mọ́ bákan náà. Tí o bá kọ "ọkọ̀" sínú SVG, "ọkọ̀" ni yóò wà níbẹ̀ ní lẹ́tà, pẹ̀lú àmì rẹ̀, bí ó ṣe wà nínú gbólóhùn tí ò ń kà yìí.

Ibo wá ni "bráúsà kì í gbà á" ti wá? Ìtàn rẹ̀ dùn, ó sì ń bí mi nínú.

Ní 1998, oríṣiríṣi ìmọ̀ràn dé iwájú W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù. Adobe, IBM, Netscape àti Sun gbé PGML wá. Microsoft kó Macromedia, Autodesk, Hewlett-Packard àti Visio lẹ́yìn, wọ́n gbé VML wá. W3C kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Wọ́n kó ìgbìmọ̀ jọ, ohun tó sì jáde nínú ìjókòó wọn ni SVG, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Ó yẹ kí ìjà parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Microsoft ti fi VML tiwọn sínú Internet Explorer 5 láti 1999, wọ́n sì fìdí mọ́ ọn. Ẹ má gbàgbé irú agbára tí Internet Explorer ní láyé ìgbà náà: nígbà tí ó gbilẹ̀ jù, nínú ẹni 100 tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù, ó lé ní 90 tó ń lò ó. Ohun tí ó bá kọ̀, wẹ́ẹ̀bù kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rí SVG níbẹ̀ ní láti lọ wa irinṣẹ́ tí Adobe ṣe, kó fi kún bráúsà rẹ̀. Adobe fúnra wọn jáwọ́ nínú irinṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009.

Àwọn yòókù kò dúró. Opera 8 gba apá kan rẹ̀ ní 2005. Firefox 1.5 gbà á ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Safari tẹ̀ lé e, Chrome tó jáde ní 2008 náà ń yà á. Internet Explorer nìkan ló jókòó, ó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà. Oṣù kìíní 2010 ni Microsoft ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìgbìmọ̀ SVG, oṣù kẹta 2011 ni Internet Explorer 9 sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Láti 2001 sí 2011! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí SVG ti tó ẹni tó ń pọn omi wálé.

Ibi tó kàn wá gan-an nìyí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ra wákàtí kan ní káfè, tí ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú torí pé òru ló dínwó, ẹ rántí ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Windows XP ni. Internet Explorer 9 kì í wọlé sórí Windows XP, ìkẹjọ ni òpin tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Amẹ́ríkà ń yọ̀ pé ìjà ti parí, àwa ṣì wà lójú ìjà, títí Microsoft fi jáwọ́ nínú XP fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2014. Fóònù kò sàn jù. Bráúsà tó ń bá Android wá kò mọ SVG yà títí di Android 3.0 ní 2011, ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n sì tà fún wa lẹ́yìn ìgbà náà, Android 2 ló ṣì wà nínú wọn.

Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ní àkókò yẹn tí ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan SVG, ọ̀gá rere ló ní. Mi ò bá a jà. Ẹni tí mò ń bá jà ni ẹni tó ṣì ń gbé agboòrùn kiri nígbà tí òjò ti dá láti àná, tó tún ń sọ fún àwọn ọmọ kékeré pé òjò ń rọ̀. Internet Explorer fúnra rẹ̀ ti kú. Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 2022 ni Microsoft pa á tì. Chrome ń ya SVG, Firefox ń yà á, Safari, Edge, bráúsà Samsung, gbogbo wọn ń yà á. Opera Mini tí àwa ọlọ́dátà kékeré fẹ́ràn náà ń yà á. Èyí tó bá ń mira nìkan ni kì í lè mì níbẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣé lógò ẹgbẹ́ wa ń jó ni?

Mo bi arákùnrin yẹn pé fóònù wo ni kì í gbà á. Ó ní "àwọn fóònù kéékèèké yẹn." Ó dáa. Mo fi SVG kan sórí ìkànnì ìdánwò, mo wá ń tọrọ fóònù kiri. Mo ṣí i lórí fóònù màmá tó ń ta ẹ̀wà níwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, èyí tí ojú rẹ̀ ti fọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin. Mo ṣí i lórí fóònù bàbá tó ń ṣọ́ géètì. Mo ṣí i lórí fóònù tókúnbọ̀ kan tí àbúrò mi ń fi gba géèmù. Ó hàn lórí gbogbo wọn. Màmá ẹlẹ́wà ní, "Kí lèyí, ọmọ mi?" Mo ní lógò ẹgbẹ́ wa ni, mà. Wọ́n ní ó mọ́ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti owó. Lógò tí ẹgbẹ́ ń lò, tí wọ́n sọ pé kí n gbé sórí ìkànnì, PNG tó tó 740 KB ni. Mo tún un yà nínú Inkscape, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó di 9 KB. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó bá ṣí ojú-ewé wa yóò san dátà 740 MB láàrin ara wọn lórí lógò nìkan, dípò 9 MB. Dátà ta ni? Tiwa ni. Ẹni tó ń ra dátà alẹ́ láti fi wa ìwé kò yẹ kó san owó ìlẹ̀kẹ̀ tí kò nílò.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé SVG náà wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì gbé e sọnù. Lọ sí Ṣómólú, ní ilé iṣẹ́ àwọn atẹ̀wé. CorelDRAW ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣiṣẹ́, àwòrán onílà ni CorelDRAW ń ṣe. Lógò rẹ wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ náà ní fẹ́kítọ̀ kíkún, ìṣẹ́jú kan ni yóò fi sọ ọ́ di SVG fún ọ. Àwa la máa ń sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi JPEG ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp." A san owó odidi màlúù, ẹran-an bàǹtẹ̀ la mú lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a fẹ́ fi ṣe báńà, lógò ti fọ́, a tún sanwó fún ẹlòmíràn pé kó bá wa yà á.

Mi ò sọ pé SVG ló yẹ fún gbogbo nǹkan o. Fọ́tò ayẹyẹ ìgbàwọlé rẹ, JPEG ni kó máa jẹ́. Tí o bá fi tipátipá sọ ojú ènìyàn di ìlà, fáìlì náà lè wúwo ju fọ́tò lọ, ojú náà á sì dà bí ojú egúngún. Ohun tí ènìyàn fi ìlà àti lẹ́tà ṣe ni mò ń sọ: lógò, máàpù, gíráàfù, àwòrán ẹ̀yà ara, àtẹ ìdánwò.

Àwòrán ẹ̀yà ara yìí gan-an ni ó yẹ kó mú gbogbo ọmọ Yorùbá dìde. Wọ Wikimedia Commons, wàá rí àwòrán ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró ní SVG, ọ̀fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá jẹ́ lẹ́tà, o lè ṣí fáìlì náà bí ẹni ṣí lẹ́tà lásán, kí o wá ibi tí wọ́n kọ "Lungs" sí, kí o kọ "Ẹ̀dọ̀fóró" rọ́pò rẹ̀. Ó parí. Kò sí pé à ń fi ọ̀dà funfun bo ọ̀rọ̀ àtijọ́ mọ́lẹ̀ kí a tó kọ tuntun lé e. Ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: SVG fàyè gbà kí èdè púpọ̀ wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, kí ẹni tó ń lo bráúsà ní èdè Yorùbá rí Yorùbá, kí ẹni tó ń lò ó ní Faransé rí Faransé. Ọmọ Kétu ní Benin àti ọmọ Ìṣẹ́yìn lè wo àwòrán kan náà. A ń sunkún pé kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sán kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú àwòrán inú rẹ̀.

Ẹ tún rántí àwọn akẹgbẹ́ wa tí ojú ń dùn, tí kọ̀ǹpútà ń kàwé sétí wọn. Nígbà tí wọ́n bá fi JPEG ṣe àtẹ ìdánwò, ohun tí ẹ̀rọ náà ń kà fún wọn ni "àwòrán". Àwòrán kí ni? Aago mélòó ni ìdánwò? Tí a bá kọ SVG sínú ojú-ewé náà tààrà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣeé kà sókè, ó ṣeé wá, ó ṣeé dà kọ.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn dáadáa, mo mọ ibi tó yẹ kó gbá mi. Àkọ́kọ́ ni fọ́ǹtì. Kò sí "ẹ́" tàbí "ọ̀" tó jẹ́ odidi àmì kan nínú Unicode. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ni, a wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá gbọ́n yóò gbé àmì ohùn náà sí ẹ̀gbẹ́, bí fìlà tó yẹ̀ lórí ọ̀mùtí. Bráúsà kì í sì í jẹ́ kí SVG tí a fi sí ojú-ewé bí àwòrán lásán lọ mú fọ́ǹtì wá láti ìta. Nítorí náà, ẹ fi fọ́ǹtì tó dáa bíi Noto Sans sínú fáìlì náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń lo CorelDRAW, ẹ yéé tẹ Ctrl+Q lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ń sọ lẹ́tà di ìlà. Ó dáa fún lógò, ṣùgbọ́n ìkéde tí ẹ bá ṣe é sí, "ọkọ̀" inú rẹ̀ ti kú sí ojú ẹ̀rọ, ó kàn ń dán lásán ni.

Ìkejì ni ààbò, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. SVG lè gbé JavaScript sínú, èyí ló fà á tí WordPress kì í fi í gbà á wọlé láìjẹ́ pé ènìyàn yí i padà. Ṣùgbọ́n SVG tí a bá pè bí àwòrán lásán, bráúsà kì í jẹ́ kí kóòdù inú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Lógò tí àwa fúnra wa yà, ta ló fẹ́ fi májèlé sí i? Kí a má gba SVG lọ́wọ́ àlejò láìyẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Kí a torí olè má kọ́lé, ìyẹn kò bọ́gbọ́n mu.

Ìkẹta ni èyí tí mi ò ní èsì fún, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ìbínú wa dojú kọ báyìí. Fi SVG ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bíi dọ́kúmẹ́ǹtì ni yóò lọ, kò ní hàn bí àwòrán. Fi sínú lẹ́tà Gmail, kò ní yà á. Bráúsà ń yà á lọ́fẹ̀ẹ́, áàpù wọ̀nyí ló ń kọ̀ ọ́. Google ló ni Chrome, Google ló ni Gmail. Èdè tí kò ní àmì lábẹ́ lẹ́tà kò lè mọ ohun tí ìyẹn ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n rò pé àwòrán tó fọ́ díẹ̀ jẹ́ àwòrán tó fọ́ díẹ̀. Fún wa, ọ̀rọ̀ mìíràn ló dà. Nígbà tí wọn ò bá tíì yí padà, ẹ jẹ́ ká máa fi ìjápọ̀ ìkànnì ránṣẹ́ dípò àwòrán, kí bráúsà lè ṣe iṣẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ọdún yìí wá.

Ìpàdé ẹgbẹ́ wà ní ọjọ́ Ẹtì, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Èmi yóò tún dá àbá náà, SVG lógò wa àti máàpù sì wà ní sẹpẹ́. Kí ẹni tó bá ní fóònù tí bráúsà rẹ̀ kì í gbà á gbé e wá. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì wà nílẹ̀ fún un lọ́dọ̀ màmá, èmi ni n ó sanwó.